Ojúlówó Oyin Ọ̀jẹ́wálé

Ẹni da eérú ni eérú ń tọ̀. Ṣùgbọ́n ìgbà mìíràn wà tó jẹ́ pé ojú ìyá ẹni tó dà á ni yóò kọ́kọ́ kó sí.

Nígbà tí Dókítà Mórádékẹ́ ń wádìí ohun tó lè pa kòkòrò àrùn inú egbò, Ọ̀jẹ́wálé tó ń sin oyin ni dókítà ní kó máa gbé ojúlówó oyin wá sílé ìwòsàn. Ọ̀jẹ́wálé yọ́ ṣúgà, ó bu omi là á, ó da oyin díẹ̀ sí i, èyí ló gbé lọ fún wọn. Ó ní, "Ṣé kòkòrò àrùn mọ adùn ni?"

Oṣù mẹ́fà ni dókítà fi dán an wò. Kò sí kòkòrò tó kú. Ó kọ ọ́ sínú ìwé pé oyin ìlú yìí kò wo egbò.

Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn dé, egbò mú ìyá Ọ̀jẹ́wálé lẹ́sẹ̀. Abẹ́rẹ́ ò ràn án. Dókítà ní àfi kí wọ́n gé ẹsẹ̀ náà. Ni Ọ̀jẹ́wálé bá sáré gbé ògidì oyin dé, irú èyí tí ìyá yìí fi wò ó nígbà tí iná jó o ní kékeré.

"Ẹ jọ̀ọ́, dókítà, ẹ fi èyí sí i ná."

"Ẹ̀gbọ́n, a ti dán oyin yín wò. Kò ṣiṣẹ́."

Ìyá gbójú sókè lórí ibùsùn. "Ọmọ mi, ṣé irú èyí gan-an lo gbé fún wọn?"

Ọ̀jẹ́wálé wo dókítà, ó wo àwọn nọ́ọ̀sì, ó ro orúkọ rẹ̀ láàárín ìlú.

"Òun ni, ìyá mi."

Wọ́n ti ìyá wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Ìgò ojúlówó oyin kù sí ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́.