Ọkùnrin Tó Sanwó Oúnjẹ Sílẹ̀ ní Ọgbà Ìgbafẹ́

Ọkùnrin kan wà, ìlú òyìnbó ló ti ń ṣiṣẹ́. Nígbà tó kúrò nílé, ọmọbìnrin rẹ̀ kò tíì mọ̀ ọ́n jókòó. Ojú fóònù ni ọmọ náà ti mọ bàbá rẹ̀, ẹ sì mọ bí ọmọdé ṣe ń ṣe nídìí fóònù: á ní "Ẹ káàárọ̀ sà," á sá padà sídìí eré rẹ̀. Ọmọ náà ti wọ iléèwé kí òun àti ìyá rẹ̀ tó rí ìwé àṣẹ gbà láti lọ kí ọkùnrin náà. Àsìkò tí wọ́n fún wọn kò gùn. Ibi iṣẹ́ ọkùnrin náà kò sì fún un ní ìsinmi ju ọjọ́ kan lọ. Ó ní ọjọ́ kan yẹn lòun máa fi mú ọmọ òun lọ sí ọgbà ìgbafẹ́ ńlá kan, kí ọmọ náà lè mọ òun ní bàbá kó tó padà sílé.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan níbi iṣẹ́ gbà á nímọ̀ràn. Ọ̀rẹ́ yìí ní ọmọkùnrin mẹ́rin, irú àwọn ọmọ tó jẹ́ pé bí wọ́n bá jẹun tán, wọ́n á tún lọ máa wo ìdí ìkòkò. Ó ní, "Sanwó oúnjẹ gbogbo yín sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó lọ. Oúnjẹ inú ọgbà yẹn gbówó lórí bí ẹni ń ra ilẹ̀. Nígbà tí mo kó tèmi lọ, àwọn alásè ló bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún wa!"

Òótọ́ ni ọ̀rẹ́ náà sọ. Ọkùnrin náà sanwó. Wọ́n so ọ̀já ike mọ́ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́wọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tó bá fi ọ̀já náà han ẹ̀rọ, wọ́n á bu oúnjẹ fún un. Bó bá ṣe díẹ̀, á tún padà wá gba òmíràn. Ṣùgbọ́n èyí tí ènìyàn kò bá gbà kí wọ́n tó ti ọgbà, ó ti wọmi nìyẹn. Wọn kì í dá owó padà, wọn kì í sì í gbé e di ọ̀la.

Ohun tí ọkùnrin náà kò rò ni pé ìyàwó rẹ̀ ti kọ́ ọmọ wọn pé ọmọ tó gbọ́n kì í jẹun níta. Bó ṣe gbé abọ́ síwájú ọmọ náà, ojú ìyá rẹ̀ ni ọmọ náà kọ́kọ́ wò. Ìyá rẹ̀ mi orí pé kó jẹ ẹ́. Ọmọ náà mú ọ̀dùnkún díndín kan, ó jẹ ẹ́, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ ṣé sà. Mo ti yó."

Ọkọ̀ ojú omi kékeré kan ni ọmọ náà fẹ́ wọ̀. Wọn kì í jẹ́ kí ọmọdé dá a wọ̀. Ìyá rẹ̀ ní, "Bàbá Ìbídùn, ẹ bá a wọ̀ ọ́. Èmi, òòyì máa ń kọ́ mi lórí omi."

Ó ní, "Mo ń bọ̀. Ẹ jẹ́ kí n tètè lọ gba tọ̀sán kí èrò tó pọ̀."

Èrò ti pọ̀. Ó tò, ó gbà á, ó gbé e wá. Wọn kò tíì jẹ ẹ́ débì kan tí àsìkò òmíràn fi tó, ló bá tún lọ tò. Ìyàwó rẹ̀ ní, "Ṣé ẹ fẹ́ kí n sanra tán kí wọ́n má dá mi mọ̀ ní pápákọ̀ ni? Ọmọ yìí náà ńkọ́, tí kò ju ẹyẹ ẹ̀gà lọ, ibo lẹ fẹ́ kó kó gbogbo èyí sí?"

Ó ní, "Ìyá Ìbídùn, a ti sanwó rẹ̀ o. Ẹ fún un ní ẹran yẹn kó rọra máa jẹ ẹ́."

Báyìí ni ọjọ́ ṣe rọ̀. Nígbà tó gbé oúnjẹ bọ̀ kẹ́yìn, ó rí ọmọ náà àti ìyá rẹ̀ létí omi. Obìnrin tó ń ṣọ́ ọkọ̀ ń bi ọmọ náà pé ta ló máa bá a wọ̀ ọ́, ó sì nawọ́ sí ọkùnrin tó ń sáré bọ̀ pẹ̀lú abọ́.

"Ta nìyẹn?"

Ọmọ náà wẹ̀yìn. Ó ní, "Ẹni tó ń bá wa gbé oúnjẹ ni."

Kò fi ṣàwàdà, kò sì fi bú ẹnikẹ́ni. Ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ọkùnrin náà dúró síbi tó wà, ọbẹ̀ ń kán sórí bàtà rẹ̀. Ó gbé àwọn abọ́ náà sílẹ̀ lórí koríko, ó wọ inú ọkọ̀. Ọmọ náà jókòó sí ìkángun kejì, ó ń wò ó. Nígbà tí omi ta sí ọkùnrin náà lójú, tó ń wá ohun tó máa fi nù ún, ọmọ náà bú sẹ́rìn-ín.

Ó ní, "Ẹ tún ṣe é."

Wọn kò tíì yí po tán tí wọ́n fi kéde pé wọ́n fẹ́ ti ọgbà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń retí ará ilé láti òkèèrè, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ má bi mí bóyá oúnjẹ àsansílẹ̀ dáa. Ó dáa fún ọ̀rẹ́ yẹn, nítorí inú àwọn ọmọ rẹ̀ gbà á. Ẹ kọ́kọ́ béèrè bí àlejò yín ṣe ń jẹun, àti ohun tí ẹ tìtorí rẹ̀ pè wọ́n. Bí ẹ bá sì ti sanwó náà kí ẹ tó gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, ẹ jẹ èyí tó bá wọnú, kí ẹ fi ìyókù sílẹ̀. Owó yẹn ti lọ. Ẹ má jẹ́ kó mú ọjọ́ náà lọ pẹ̀lú.