Sányán Látúnjí

Aláró ni Àwẹ̀ró. Ọdún mẹ́ta gbáko ló fi rẹ aṣọ aláṣọ kó tó ra agbádá sányán kan fún Látúnjí ọkọ rẹ̀. Nígbà tí àìsàn dá Látúnjí dùbúlẹ̀, ó ní, "Àwẹ̀ró, sányán yẹn ni kí ẹ fi sin mí o." Àwẹ̀ró sì ṣèlérí.

Látúnjí kú. Wọ́n wọ aṣọ ọ̀fọ̀ fún Àwẹ̀ró, wọ́n ní kó dorí kodò, torí opó kì í wòkè. Ó bẹ Oyèédélé, àbúrò ọkọ rẹ̀: "Ọkọ mi, ẹ dákun, ẹ bá mi mú sányán yẹn wá kí wọ́n fi di òkú ẹ̀gbọ́n yín."

"Olè ti gbé e," ni Oyèédélé wí.

Olè! Olè wo ló ń wọ yàrá aláìsàn, tí kò mú nǹkan mìíràn àfi agbádá kan ṣoṣo? Kíjìpá gbígbó ni wọ́n fi di òkú.

Ní ọ̀sán, wọ́n gbé òkú jáde. Oyèédélé wọ agbádá ọ̀fọ̀ dúdú, ó ń ké ju olókùú lọ: "Yéè! Ẹ̀gbọ́n mi ti lọ o!" Oòrùn mú, òógùn bò ó. Àwẹ̀ró ń sunkún kíkorò, síbẹ̀ ó rí i pé aró ń ṣàn lọ́rùn Oyèédélé. Aṣọ tí wọ́n fi ìkánjú rẹ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Níbi tí aró ti ṣí, sányán yọjú.

Inú bí Àwẹ̀ró dé góńgó. Ó dìde fùú, ó di agbádá náà mú.

"Ṣé orí rẹ dàrú ni?" ni Oyèédélé fi pariwo. "Opó kì í wòkè! Máa sunkún rẹ!"

"Mò ń sun ún, ojú mi ò fọ́!" Láti ọjọ́ tó ti délé ọkọ, kò pe Oyèédélé ní ìwọ rí, àfi ọjọ́ náà. "Ẹni tó pàdánù ló ń wọ ọ̀fọ̀. Ìwọ, kí lo pàdánù? Èmi ni mo pàdánù ọkọ, ìwọ jèrè aṣọ rẹ̀! Aláìnítìjú! Bọ́ ọ!"

Olórí ẹbí fi ọwọ́ pa etí agbádá náà, ó wo ìka rẹ̀ tó dúdú, ó wo Oyèédélé. "Bọ́ ọ," lòun náà wí.

Oyèédélé bọ́ ọ lójú gbogbo ayé, ó ku òun àti ṣòkòtò. Wọ́n tú kíjìpá kúrò lára òkú, wọ́n fi sányán alábàwọ́n náà dì í, wọ́n sì gbé e wọlẹ̀. Àwẹ̀ró padà jókòó, ó ń bá ẹkún rẹ̀ lọ.

Láti ọjọ́ náà ni àwọn àgbà ti ń kìlọ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ fi ẹkún ẹlòmíràn ṣe ìbòjú pé: bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran.