Ìdí tí Patanmọ́ Fi Ń Ká Ewé Rẹ̀ Fún Ẹlẹ́sẹ̀

Nígbà láéláé, nígbà tí igi ṣì ń bá ẹranko jiyàn, Patanmọ́ ò rí bí ẹ ti mọ̀ ọ́n yìí o. Ó ga! Ó fẹ̀! Òun ló ni gbogbo ilẹ̀ etí odò, ọ̀nà kan ṣoṣo tó lọ sódò sì gba àárín ilẹ̀ rẹ̀ kọjá.

Àṣà wọn ni pé bí ọyẹ́ bá ti ń fẹ́, tí omi ibòmíràn sì ti gbẹ, onílẹ̀ yóò ká ẹ̀ka rẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà. Ẹni tó ń kọjá náà ò sì gbọdọ̀ yà bàrá wọ inú oko olóko.

Àfi lọ́jọ́ tí Ẹfọ̀n ń sáré bọ̀ látodò. Ó yà kúrò lójú ọ̀nà, ó tẹ àwọn ọmọ Patanmọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù mọ́lẹ̀ pẹlẹbẹ. Kò tilẹ̀ bẹ̀bẹ̀!

Inú bí Patanmọ́ gan-an. Kíá, ó na ẹ̀ka ẹlẹ́gùn-ún, ó dí ọ̀nà pa.

Ìyá Àgbọ̀nrín dé pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ tí ahọ́n rẹ̀ ti gbẹ.

"Bàbá Patanmọ́, ẹ jọ̀ọ́. Omi ò lọ́tàá, kí ló dé tí ọ̀nà omi wá ní?"

"Ilẹ̀ mi ni! Lọ bi Ẹfọ̀n."

"Ẹfọ̀n ló ṣẹ̀ yín, ọmọ mi kọ́."

Patanmọ́ tún di ẹ̀ka rẹ̀ pọ̀ pinpin. Ọjọ́ ń gorí ọjọ́, ìrì orí ewé ni àwọn ẹranko ń lá.

Ni èéfín bá yọ! Iná ìgbẹ́! Ó ń jó bọ̀ fùù! Gbogbo ẹranko sáré wá sí ọ̀nà odò. Iná lẹ́yìn, ẹ̀gún níwájú!

"Bàbá, ẹ ṣínà!"

Ẹ̀rù ba Patanmọ́. Ó fẹ́ ká ẹ̀ka rẹ̀, kò ká! Ó ti pẹ́ jù tó ti dì wọ́n, ẹ̀gún ti há mọ́ ẹ̀gún.

"Mi ò lè ká a mọ́ o!" ló ké.

Ẹfọ̀n bọ́ síwájú. "Bàbá, èmi ni mo ṣẹ̀ yín. Ẹ má bínú." Ó dijú, ó forí sọ ẹ̀gún, gbàà! Ẹ̀jẹ̀ bo ojú rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà là. Wọ́n ya sódò, ọmọ Àgbọ̀nrín ló kọ́kọ́ bọ́ sómi. Ayọ̀ ńlá!

Ṣùgbọ́n Patanmọ́ ò lẹ́sẹ̀ tó lè fi sá. Iná ti mú un lórí.

"Ẹ jẹ́ ó jóná," ni Ọ̀bọ wí.

"Rárá o!" ni Ìyá Àgbọ̀nrín dáhùn. "Ṣebí ilẹ̀ rẹ̀ la ń rìn?" Ó bu omi sẹ́nu, ó sáré padà, ó tú u sí gbòǹgbò Patanmọ́. Ni gbogbo wọn bá ń bu omi, wọ́n ń tú u, títí iná fi kú.

Gbogbo gíga Patanmọ́ ti jóná, ìwọ̀nba tó kù ò ju orúnkún lọ. Ó sunkún. "Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹsẹ̀ yòówù tó bá tún kàn mí, n ó yàgò fún un."

Láti ọjọ́ náà ni Patanmọ́ ti ń fà nílẹ̀, tí ẹ̀gún ṣì wà lára rẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ tẹ ọmọ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Bí ẹsẹ̀ bá kàn án, á ká ewé rẹ̀ kíá, kí ẹlẹ́sẹ̀ lè kọjá. Bí onítọ̀hún bá kọjá tán, á tún rọra tẹ́ ewé náà sílẹ̀, nítorí òun ló ṣì ni ilẹ̀.