Ṣòkòtò Skander

Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ẹ bi Lotfi wò, tó ti fi ọdún méjìlélógún ṣọ́ ẹ̀yìn fún ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan ní Sfax, ní Tùnísíà.

Lọ́jọ́ tí wọ́n gbọ́dọ̀ borí kí wọ́n má baà já sí ìpele kejì, Skander, ọmọ ogún ọdún tó ń gbá iwájú fún àwọn àlejò, fi í rẹ́rìn-ín: "Bàbá, ẹ ò tíì lọ sinmi?"

Ẹ̀ẹ̀mejì ni Skander gba ẹ̀gbẹ́ Lotfi kọjá bí ìgalà, Lotfi kàn ń wò ó. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú kan, góòlù kan péré ni ẹgbẹ́ Lotfi fi ṣíwájú. Skander tún gbé bọ́ọ̀lù dé. Lotfi rọra sún síbi tí ọmọ náà fẹ́ yà sí, ó dúró. Bọ́ọ̀lù bá a lẹ́sẹ̀ bí ewúrẹ́ tó mọ̀nà ilé.

Nígbà tí eré parí, Skander bọ́ jẹ́sì rẹ̀ fún un. "Bàbá mi, báwo lẹ ṣe mọ̀?"

"Kó o tó yà sósì, o máa ń fa ṣòkòtò sókè. Irú yín ti gba ọ̀dọ̀ mi kọjá kí wọ́n tó bí ẹ."

"Èmi kọ́, Bàbá!"

Lotfi rẹ́rìn-ín, ó nàka sísàlẹ̀. Skander wolẹ̀: ó ti tún fa ṣòkòtò sókè.