Pẹ́pẹ́yẹ Kọ́ Wọn Ní Ọwọ́

“Ọkọ mi, ẹ lọ kọ́ àwọn ọmọ yẹn.” Ọ̀rọ̀ tí ìyàwó Pẹ́pẹ́yẹ sọ kẹ́yìn kó tó kú nìyẹn.

Ẹ̀yin ọmọ, àlọ́ mi ń kanlẹ̀kùn o! Ẹ dáhùn pé, “Jẹ́ kó wọlé!”

Ní ilé ẹ̀kọ́ gíga àwọn ẹranko, Ehoro, Ẹtu àti Ọ̀kẹ́rẹ́ ń sáré ìje tí wọ́n ti ń gba ọ̀pá lọ́wọ́ ara wọn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ọ̀pá bọ́, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n gbẹ̀yìn. Erin, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, ní bí wọ́n bá tún pàdánù, òun á tú ẹgbẹ́ wọn ká. Ó wá ránṣẹ́ pe Pẹ́pẹ́yẹ kó wá kọ́ wọn. Ìyàwó Pẹ́pẹ́yẹ wà lójú ikú nígbà tí ìránṣẹ́ dé.

Nígbà tí Pẹ́pẹ́yẹ dé, Ehoro bú sẹ́rìn-ín. “Bàbá tó ń rìn bàtàbàtà yìí ni yóò kọ́ wa ní eré?”

“Ẹsẹ̀ yín ti yá,” ni Pẹ́pẹ́yẹ wí. “Ọwọ́ yín ni mo wá kọ́.”

Lọ́sẹ̀ kìíní, wọ́n jókòó, wọ́n ń gba ọ̀pá lọ́wọ́ ara wọn. Lọ́sẹ̀ kejì, wọ́n ń rìn gbà á. Lọ́sẹ̀ kẹta, wọ́n di ojú, orin ni wọ́n fi ń mọ ara wọn. Ẹ bá mi gbè é:

Ehoro ń bọ̀ o. Gbà á!
Ẹtu, nawọ́ sẹ́yìn. Gbà á!
Ọ̀kẹ́rẹ́, ó kù sọ́wọ́ rẹ. Gbà á!

Lọ́jọ́ ìdíje, ọ̀pá kò bọ́. Ọ̀kẹ́rẹ́ ló kọ́kọ́ dópin. Erin fò sókè, ilẹ̀ mì tìtì.

Ehoro dọ̀bálẹ̀. “Bàbá, ṣé ẹ ò ní fi wá sílẹ̀ lọ?”

“Dìde, ọ̀yájú. Àárọ̀ ọ̀la la tún máa bẹ̀rẹ̀.”

Àlọ́ mi ti jókòó, ẹ̀yin ọmọ. Pẹ́pẹ́yẹ ṣì ń kọ́ni. Kò tíì wẹ̀ lódò tí òun àtìyàwó rẹ̀ jọ ń wẹ̀. Kò tíì kó ìyẹ́ ìyàwó rẹ̀ kúrò nínú ìtẹ́. Kò tíì sunkún.