Àwòrán Àṣàbí Aláró

Ní àdúgbò wa ní Òṣogbo, bí ènìyàn bá ń wá ohun tó wà níwájú rẹ̀ tí kò rí i, wọn á ní, "A kì í wá imú nínú àwòrán Kẹ́líkà." Àlejò á béèrè pé ta ni Kẹ́líkà, kí ni imú sì fẹ́ ṣe níbẹ̀? Ẹ̀rín la máa ń fi dá a lóhùn, bẹ́ẹ̀ ẹkún ló bí òwe náà.

Ará Íńdíà ni Kẹ́líkà. Ó wá ń kọ́ni ní àwòrán yíyà ní ilé ìwé gírámà kan, kò sì padà sílé mọ́. Nígbà tó kọ́kọ́ dé, bó bá ya ènìyàn, ó kù kí onítọ̀hún sọ̀rọ̀ ni, gbogbo wa sì fẹ́ràn rẹ̀. Ni lẹ́tà bá dé pé ìyá rẹ̀ ti kú. Ó jókòó láti ya ìyá náà, ojú rẹ̀ kò wá sí i lọ́kàn. Àwọ̀ ògiri tí ìyá máa ń fẹ̀yìn tì nírọ̀lẹ́ nìkan ló ń rí. Ó ya ògiri náà. Láti ọjọ́ yẹn ni ojú, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ti ń kúrò nínú iṣẹ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí tó fi ku àwọ̀ nìkan. Àwọn ènìyàn ní orí tíṣà ti dàrú.

Síbẹ̀, Bàbá Òṣúngbadé, arúgbó kan ní àdúgbò wa, gbé iṣẹ́ tọ̀ ọ́ lọ pé kó ya ìyàwó òun. Àṣàbí aya rẹ̀, aláró, ti kú láìya fọ́tò rí. Ojú bàbá fúnra rẹ̀ sì ń ṣú lọ, ó fẹ́ rí obìnrin náà lẹ́ẹ̀kan sí i kí ojú náà tó fọ́ pátápátá.

Kẹ́líkà ti máa ń rí Àṣàbí nídìí ìkòkò aró nígbà ayé rẹ̀; oṣù méjì ló fi yà á. Nígbà tó gbé e dé, Ọláléye, àkọ́bí bàbá, yẹ̀ ẹ́ wò lókè, ó yẹ̀ ẹ́ wò nísàlẹ̀. Àwọ̀ ewé ló wà nísàlẹ̀, tó ń rọra di aró bó ṣe ń gòkè. Inú bí i. Ó ní aró ni ìyá òun ń rẹ, kì í ṣe àwọ̀ ewé.

"Tíṣà, imú ìyá mi dà?"

Bàbá ní kí wọ́n gbé e súnmọ́ òun. Ó tẹjú mọ́ ọn, ó pẹ́. Lójú rẹ̀, ó dà bí ẹni pé aṣọ tútù kan ń mì lẹ́lẹ́ nínú afẹ́fẹ́. Omijé bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́.

"Ọláléye, o ò dúró ti ìkòkò rẹ̀ rí. Bí aṣọ bá ń jáde bọ̀ nínú aró, àwọ̀ ewé ló máa ń ní, afẹ́fẹ́ ló ń sọ ọ́ di dúdú. Ìyá rẹ á gbé e sókè, kò ní bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ títí yóò fi yí padà. Bí mo ṣe kọ́kọ́ rí i nìyẹn."

Kí ọdún tó yí, ojú bàbá fọ́. Wọ́n fẹ́ gbé àwòrán náà kúrò ní yàrá rẹ̀, ó ní kí wọ́n fi í sílẹ̀, obìnrin náà ṣì ń gbé aṣọ sókè lọ́wọ́.

Nígbà tí bàbá kú, ìbátan kan tó wá kí wọn dúró ti àwòrán náà, ó ń wá ojú níbẹ̀. Ọláléye rọra fà á sẹ́yìn díẹ̀.

"A kì í wá imú nínú àwòrán Kẹ́líkà," ló wí. "Èmi wá a, mi ò sì rí ìyá mi."