Àmì Kan Lórí Ilẹ̀ Pupa Ìdí-Ọsàn

Ìbírónkẹ́, aya Àkàndé, ló dàgbà jù nínú gbogbo obìnrin tó wá díje ní pápá tẹ́níìsì Ìdí-Ọsàn lọ́dún náà. Iṣẹ́ tó fi ń jẹun láti ìgbà ọmọge rẹ̀ nìyẹn. A máa ti ìlú kan bọ́ sí òmíràn láti bá àwọn obìnrin bíi tirẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù, ẹnì kan sí ẹnì kan, títí yóò fi ku ẹnì kan ṣoṣo tó borí. Ṣùgbọ́n ó ti bímọ méjì, orúnkún rẹ̀ ọ̀tún a sì máa ro ó bí òjò bá ṣú.

Ìyá Àkàndé, ìyá ọkọ rẹ̀, kò fi tinú wọn pamọ́.

"Ìyàwó mi, ó tó gẹ́ẹ́," ni wọ́n wí. "Àwọn ọmọ tí ò ń bá sáré kiri yìí, o fẹ́rẹ̀ẹ́ lè bí wọn."

"Màmá, n kò lè bí wọn o. Ṣùgbọ́n mo lè nà wọ́n."

Ìyá rẹ́rìn-ín, àmọ́ wọ́n fi dandan lé e pé bó bá pàdánù ní Ìdí-Ọsàn, kó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ìbírónkẹ́ gbà. Ẹni tó bá gba ife ẹ̀yẹ nìkan ni wọn yóò mú lọ sí ìdíje ńlá ti òkè òkun, ibẹ̀ ni kò sì tíì dé rí láti ọjọ́ tó ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Bí èyí bá bọ́, ó ti bọ́ nìyẹn. Ìyá ní àwọn náà yóò bá a lọ, kí àwọn lè fojú ara àwọn rí òpin ọ̀rọ̀.

Pápá Ìdí-Ọsàn kì í ṣe ti kọnkéré. Ilẹ̀ pupa tí wọ́n fọ́ kúnná ni, ẹfun ni wọ́n sì fi fa ìlà rẹ̀. Ibi tí bọ́ọ̀lù bá bà sí, àmì rẹ̀ á hàn níbẹ̀. Òfin kan wà nítorí èyí, rẹfirí a sì máa kà á sókè láràárọ̀ kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Bí iyàn bá dé, rẹfirí ni yóò sọ̀kalẹ̀ wá wo àmì. Agbábọ́ọ̀lù tó bá fẹsẹ̀ pa á rẹ́ kí rẹfirí tó dé ibẹ̀ ti gbà pé bọ́ọ̀lù náà wọlé nìyẹn.

Ìbírónkẹ́ na gbogbo ẹni tí wọ́n gbé kò ó, títí ó fi ku òun àti Fẹ̀hìntọlá, ọmọ ẹ̀gbọ́n alága ẹgbẹ́ tó ni pápá náà. Ọwọ́ Fẹ̀hìntọlá le, ẹnu rẹ̀ sì le ju ọwọ́ lọ.

"Ẹ kú ìrọ́jú o, Àǹtí," ló wí nígbà tí wọ́n pàdé nídìí àwọ̀n. "Ẹ mọ̀ pé orúnkún kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀."

"Gbá bọ́ọ̀lù, àbúrò. A kì í fi ẹnu gbá a."

Wọ́n gbá a títí oòrùn fi kọjá àtàrí. Fẹ̀hìntọlá mú abala kìíní, Ìbírónkẹ́ mú èkejì. Nínú ẹ̀kẹta, ó ku ayò kan péré kí Ìbírónkẹ́ borí. Ó gbá bọ́ọ̀lù náà gba ẹ̀gbẹ́ pápá lọ, ó sì balẹ̀ nídìí ìlà.

"Ó jáde!" ni Fẹ̀hìntọlá kígbe.

"Ọ̀gá rẹfirí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ wá wo àmì."

Rẹfirí bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀ lórí àga gíga rẹ̀. Kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kanlẹ̀, Fẹ̀hìntọlá ti fi bàtà gbo ibẹ̀ lọ, ó gbo ó bọ̀, ibẹ̀ sì dán. Rẹfirí wo ilẹ̀, ó wo alága tó jókòó níwájú, ó sì wúkọ́.

"Kò sí àmì tí mo lè wò mọ́. Ẹ tún ayò náà gbá."

"A kò ní tún un gbá," ni Ìbírónkẹ́ dáhùn. "Ẹ ka òfin tí ẹ kà fún wa láàárọ̀."

"Ẹ padà sí àyè yín, madaamu, àbí kí n gba ayò kan lọ́wọ́ yín."

"Ẹ gbà á."

Rẹfirí gbà á. Ó ní bó bá tún jáfara, òun yóò gbé ife fún Fẹ̀hìntọlá. Ìbírónkẹ́ yí àwọ̀n po, ó rìn lọ sí ibi tó dán náà, ó jókòó tì í, ó sì na ẹsẹ̀ tó ń dùn ún.

"Ẹ gbé e fún un," ló wí. "Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ ka òfin yẹn, kí gbogbo ayé gbọ́ ohun tí ẹ tẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ẹ tó gbé e."

"Àmì àtijọ́ ni mo pa rẹ́!" ni Fẹ̀hìntọlá pariwo. "Mo kàn fẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ ni!"

Ìbírónkẹ́ nawọ́ yí ká. "Ẹ wo ilẹ̀ yìí. Gbogbo rẹ̀ kún fún àmì bí ojú ẹni tí ṣànpọ̀nná bá jà. Ibì kan ṣoṣo ló mọ́. Àbúrò, kí ló dé tí ìmọ́tótó rẹ kò ju ìwọ̀n bàtà kan lọ?"

Ẹ̀rín ta láàárín èrò. Ojú Fẹ̀hìntọlá pọ́n.

"Èmi ni mo dúró níbẹ̀! Èmi gan-an ni ẹlẹ́rìí! Ojú mi ló ṣe!"

Ìyá Àkàndé fò dìde láàárín èrò, gèlè wọn sì já bọ́.

"Ìwọ tí o fẹsẹ̀ pa á rẹ́, ìwọ lo tún fẹ́ fẹnu jẹ́rìí? Ìyàwó mi, má dìde níbẹ̀ o! Bí ilẹ̀ bá ṣú, màá gbé oúnjẹ wá bá ọ!"

Ni gbogbo èrò bá gbà á: "Ẹ ka òfin! Ẹ ka òfin!" Rẹfirí tún wo alága, ṣùgbọ́n bàtà ara rẹ̀ ni alága ń wò. Rẹfirí padà gun àga rẹ̀, ó fi ohùn kékeré ka òfin. Wọ́n ní àwọn kò gbọ́. Ó tún un kà sókè, nígbà tó sì kà á dópin, kò rí ọ̀nà gbà mọ́. Ó dá ayò tó gbà padà, ó sì kéde pé bọ́ọ̀lù wọlé, Ìbírónkẹ́ ló borí.

Fẹ̀hìntọlá kò bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Títí ó fi wọ ọkọ̀ ló ń búra pé òun rí i pé bọ́ọ̀lù jáde.

Ọ̀rọ̀ Ìyá kò parí sí pápá. Ó dé agboolé Àkàndé, ó sì tibẹ̀ tàn ká ìlú, tó fi jẹ́ pé lónìí, bí ẹnìkan bá fọ ìkòkò tán kó tó máa búra pé kò sí ẹran níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ohun tí àwọn àgbà ń sọ fún un kò ju èyí lọ: ẹni tó fẹsẹ̀ pa àmì rẹ́ kì í tún fẹnu jẹ́rìí.